Ọgbọ̀n Ọ̀rá Tí Mo Tú ní Kìgálì

Mo ti dé o, ẹ̀yin ará Ìkòsí, ẹ̀yin ará Kétu, ẹ̀yin ìyá mi ní Mile 12 tí ẹ fi àdúrà sìn mí lọ. Mo mọ̀ pé ìròyìn ti dé ilé ṣáájú mi. Wọ́n ní wọ́n dá mi dúró ní pápákọ̀ òfurufú. Wọ́n ní mo lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò tí kò bára mu. Méjèèjì ṣẹlẹ̀, n kò sì bẹ ẹnikẹ́ni pé kó bá mi fi pamọ́. Ẹ jókòó kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi tí mo lọ.

Ẹrù mi

Kí n tó sọ ibi tí mo lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo gbé lọ. Olùkọ́ ni mí ní ilé-ìwé aládàáni kan ní Ìkòsí, Primary Two ni mò ń kọ́. Aunty Sìkírá ni wọ́n ń pè mí. Ìyá mi, Alhaja, ti ń ta tàtàṣé ní Mile 12 kí wọ́n tó bí mi, ẹ̀gbẹ́ apẹ̀rẹ̀ wọn ni mo sì ti kọ́ bí a ṣe ń ka nǹkan. Nígbà tí mo di olùkọ́, mo rí i pé àwọn ọmọ mi lè kọ 135 sí ojú pátákó kó dára bí ẹni pé wọ́n yà á ni, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè sọ fún mi ohun tí 3 àárín yẹn ń ṣe níbẹ̀.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ìdérí ìgò ẹlẹ́rìndòdò. Ìdérí kan, ẹyọ kan nìyẹn. Ìdérí mẹ́wàá nínú ọ̀rá píọ̀wọ́tà tí a ti fọ̀, tí a sì so lẹ́nu, ẹ̀wá kan nìyẹn. Ọ̀rá mẹ́wàá nínú apẹ̀rẹ̀ kékeré bí èyí tí wọ́n fi ń kó tòmátò wá, ọgọ́rùn-ún kan nìyẹn. Àwọn ọmọ fúnra wọn ló ń kà á sínú ọ̀rá, àwọn ló ń so ó. Bí a bá fẹ́ yọ mẹ́jọ kúrò nínú mẹ́tàlélógún, tí ẹyọ mẹ́ta kò sì tó, àwọn náà ló ń tú ọ̀rá kan kí ẹyọ lè pọ̀ sí i. Wọ́n ń fojú rí i, wọ́n ń fọwọ́ bà á.

Ọmọ kan wà níbẹ̀, Ràmọ́tà, ìyá rẹ̀ ń ta àlùbọ́sà. Ràmọ́tà kì í gba ọ̀rá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó má tú u wò. Bí ẹ bá sọ fún un pé mẹ́wàá ló wà níbẹ̀, á kọ́kọ́ tú u, á kà á, á tún so ó padà kó tó dá yín lóhùn. Mummy, ìyá tó ni ilé-ìwé wa, ní ọmọ náà kò já fáfá. Èmi ní òun ló já fáfá jù nínú wọn.

Ní sáà tó kọjá, Mummy ra tẹlifíṣọ̀n gbàràmù kan tó ń fi àwòrán kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Ọ̀bọ á fò jáde, ọ̀gẹ̀dẹ̀ á já bọ́, ohùn kan á máa kà á ní fífà bíi ti òyìnbó. Ara ògiri tí pẹpẹ tí mo ń to ìdérí wọ̀nyí sí wà gan-an ni wọ́n fẹ́ gbé e kọ́. Wọ́n ní àwọn òbí tó ń ti inú estate kó ọmọ wọn wá kò ní gbà kí ọmọ wọn máa fi ìdérí ìgò ṣeré. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ìwé ìpè mi dé. Àwọn kan tó máa ń kó olùkọ́ jọ láti oríṣiríṣi ilẹ̀ Áfíríkà ti rí fídíò kíláàsì mi lórí fóònù, wọ́n ní kí n wá sí Kìgálì, ní ilẹ̀ Rùwáńdà, kí n wá kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ níṣojú àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi. Mummy ò dí mi lọ́nà, àmọ́ wọ́n gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀.

"Aunty Sìkírá, ẹ lọ. Ẹ ṣe video ẹ̀ wá. Open Day, a máa play ẹ̀ fún àwọn parents. Tó bá work, pẹpẹ yín á dúró. Tí ò bá work, mo máa ní kí wọ́n kó gbogbo ìdọ̀tí yẹn jáde, ẹ ò sì ní bá mi jà."

Mo ní mo gbọ́. Ìdọ̀tí tí wọ́n pè é yẹn ni mo gbé lé orí bí mo ṣe ń lọ.

Ọ̀rá

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ní Kìgálì ni pé ilẹ̀ kò dọ́gba rárá. Òkè ni, kòtò ni, òkè míì tún ni. Ilé wà ní orí, ilé wà ní ìdí, ìmọ́lẹ̀ wọn sì ń wò yín láti ibi gbogbo. Èkejì ni pé ariwo ò sí. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pápákọ̀, mò ń retí kí ẹnìkan fà mí lápá pé kí n wá wọkọ̀ òun, kò sẹ́ni tó fà mí. Ó ṣe mí bí ẹni pé wọn ò rí mi.

Ṣùgbọ́n kí n tó dé ẹnu ọ̀nà yẹn, wọ́n ti rí mi. Òṣìṣẹ́ kan, ọmọbìnrin onírẹ̀lẹ̀ kan tí kò lè ju ọmọ ogún ọdún ó lé díẹ̀ lọ, ní kí n ṣí àpótí mi. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń di ẹrù ní Èkó. Bàtà nínú ọ̀rá, ọṣẹ nínú ọ̀rá, gààrí nínú ọ̀rá, ọ̀rá gan-an tún wà nínú ọ̀rá nítorí a ò mọ ìgbà tí a máa nílò rẹ̀. Lórí gbogbo rẹ̀ ni ọgbọ̀n ọ̀rá ìṣirò mi wà nínú apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta, pẹ̀lú ogún ẹyọ ìdérí lọ́tọ̀. Àṣé ní ilẹ̀ yẹn, òfin ò gba ọ̀rá. Wọ́n ti kọ̀ ọ́ pátápátá, ìdí nìyẹn tí gọ́tà wọn fi mọ́. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa. Mo ka ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ oúnjẹ, mo fo ìyókù.

Mo bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ ò ràn án, mo bá a jiyàn. Mo ní àwọn yìí kì í ṣe ọ̀rá, ẹ̀wá ni wọ́n. Ó fara balẹ̀ gbọ́ gbogbo àlàyé mi, ó mú ọ̀kan, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó ka àwọn ìdérí inú rẹ̀ láti ìta. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ̀wá ni lóòótọ́, Mama," ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́. "Ṣùgbọ́n níbí, ọ̀rá ni."

Ó fún mi ní àpò bébà ńlá kan, ó sì fi ọ̀wọ̀ ní kí n tú wọn fúnra mi. Mo tú ọgbọ̀n ọ̀rá níbẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó tò sẹ́yìn mi dúró jẹ́ẹ́, wọn ò pòṣé, ìyẹn tún wá dùn mí ju èébú lọ. Ọ̀ọ́dúnrún ìdérí dà gìrọ́gìrọ́ mọ́ ogún ẹyọ yẹn sínú àpò kan ṣoṣo. Ní ìṣẹ́jú díẹ̀, mi ò ní ọgọ́rùn-ún kankan mọ́, mi ò ní ẹ̀wá, ẹyọ nìkan ló kù lọ́wọ́ mi. Omi bọ́ lójú mi. Mo nù ún, mo gbé àpò mi, mo sì ṣèlérí fún ara mi pé mi ò ní bá ìtìjú padà sí Ìkòsí.

Ọmọ aláta pàdé ata

Ilé olùkọ́ ibẹ̀ kan ni wọ́n fi mí wọ̀ sí. Claudine lorúkọ rẹ̀, opó ni, ó ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ tó ti dàgbà gan-an. Bí mo ṣe rí ìyá yẹn ni mo kúnlẹ̀. Ìyá pariwo, Claudine sáré gbé mi dìde, wọ́n rò pé òòyì ló kọ́ mi. Ìkíni tiwọn ni pé kí wọ́n gbá yín mọ́ra, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, lẹ́yìn náà kí ẹ tún bọ ara yín lọ́wọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi kúnlẹ̀, ìyá ń nawọ́ láti gbá mi mọ́ra, a fẹ́rẹ̀ẹ́ forí gbárí. Nígbà tó yá, a pín in: èmi á kúnlẹ̀ tán, àwọn á wá gbá mi mọ́ra.

Mo kọ́ ìwà lọ́nà líle. Mo ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, mò ń bó o jẹ bí mo ṣe ń rìn lọ, bí a ti máa ń ṣe láti Kétu dé Mile 12 láìsí pé ẹnikẹ́ni wojú wa. Ọmọ kékeré kan dúró, ó ń wò mí tìyanu-tìyanu, ìyá rẹ̀ sì yí ojú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Claudine rọra sọ fún mi pé àwọn kì í jẹun lójú títì. Mo gbé ìyókù ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà mì lẹ́ẹ̀kan náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ há mi lọ́fun.

Oúnjẹ wọn pọ̀, ó sì gbámúṣé: ẹ̀wà, ànàmọ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù tí wọ́n sè, ewé ẹ̀gẹ́ tí wọ́n gún tí wọ́n sì sè pẹ̀lú ẹ̀pà. Ṣùgbọ́n ata ò sí níbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, mo béèrè. Ìyá Claudine gbé ìgò kékeré kan sílẹ̀ fún mi, bíi ti òògùn tí wọ́n ń kán sójú. Òróró ata ni. Claudine ní ẹ̀kán méjì ti tó. Ẹ bi mí, èmi ọmọ Alhaja aláta, èmi tí mo dàgbà sáàárín rodo! Mo ní kí wọ́n má dààmú, mo fún ìgò náà sórí ẹ̀wà mi yíká yíká. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, kí Ọlọ́run má fi han ọ̀tá. Etí mi dí. Imú mi ń dà. Ìyá tí kì í gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí kì í gbọ́ Yorùbá, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Mo jẹ ẹ̀wà náà tán o. Mi ò fi ẹyọ kan sílẹ̀.

Ewé

Ọjọ́ tí mo máa kọ́ ọmọ ku ọ̀la, ẹ̀wá mi ò sì tíì sí. Ọ̀kan nínú àwọn tó pè wá, ọ̀gbẹ́ni onísùúrù kan tó ń lo gíláàsì ojú, gbé àpótí kan wá fún mi. Ike aláwọ̀ mèremère ló wà níbẹ̀: kóró kéékèèké fún ẹyọ, ọ̀pá gbọọrọ fún ẹ̀wá, ike pẹlẹbẹ fífẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún. Wọ́n rẹwà, n kò ní parọ́. Ó ní kí n lò wọ́n, kí n má da ara mi láàmú.

Mo mú ọ̀pá ẹ̀wá náà, mo gbìyànjú láti ṣẹ́ ẹ. Kò ṣẹ́. Mo bi í pé bí ọmọ bá fẹ́ mọ̀ bóyá mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀ lóòótọ́ ńkọ́? Ó ní wọ́n ti fa ìlà sí i lára, kí ọmọ ka ìlà. Bí ọmọ bá wá fẹ́ yọ mẹ́ta kúrò níbẹ̀? Ó ní á gbé ọ̀pá náà fún olùkọ́, olùkọ́ á fún un ní kóró mẹ́wàá dípò rẹ̀. Mo ní ọmọ kíláàsì mi kan ní Ìkòsí, Ràmọ́tà, ò ní gba irú pàṣípààrọ̀ yẹn láé. Mo dúpẹ́, mo dá àpótí rẹ̀ padà. Àwọn olùkọ́ tó wà nítòsí wo ara wọn. Ọ̀kan ní àwọn ará Nàìjíríà lágídí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ̀yìn ilé ìdáná Claudine ni mo ti rí ọ̀nà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló kún ibẹ̀, ewé rẹ̀ fẹ̀ ju aṣọ ìborùn lọ. Ìyá ìyá mi ta ẹ̀kọ láyé wọn, mo mọ bí a ṣe ń pọ́n ọn. Mo bẹ Claudine, ó gé ewé fún mi, a fi iná rà á kó lè rọ̀, mo sì fi hàn án bí a ṣe ń ṣẹ́ ewé po tí kò fi ní nílò okùn. Gbogbo ọ̀sán yẹn, à ń pọ́n ìdérí ìgò bí ẹni ń pọ́n ẹ̀kọ. Claudine ń bi mí nípa Mile 12, mò ń sọ fún un nípa ọkọ̀ ńlá tó ń já àlùbọ́sà, nípa Alhaja tó máa ń sọ pé kò yẹ kí oníbàárà kúrò lọ́dọ̀ ẹni kí ọwọ́ ẹni má lé nǹkan sí i. A sọ̀rọ̀ títí, a rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, ọgbọ̀n ẹ̀wá mi ti tún pé nínú apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta, wọ́n tutù yọ̀yọ̀. Mo sùn bí ọba.

Mẹ́rìndínlógún

Àwọn ọmọ tí mo kọ́ ò gbọ́ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì wọn ò sì tíì pọ̀. N kò bẹ̀rù. Wọ́n ń wo ọwọ́ mi ni, ọwọ́ mi sì ń sọ̀rọ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n ti mọ̀ pé ewé kan, ìdérí mẹ́wàá. Claudine ń fi fóònù mi ya fídíò. Àwọn olùkọ́ tò sí ẹ̀yìn kíláàsì, ọ̀gbẹ́ni onígíláàsì wà láàárín wọn.

Mo gbé ewé méjì àti ẹyọ mẹ́ta kalẹ̀, mo ní kí wọ́n yọ mẹ́jọ. Ọmọbìnrin kan tó fá orí kodoro jáde síwájú. Ó tú ewé kan, ó da ìdérí rẹ̀ mọ́ mẹ́ta, ó yọ mẹ́jọ, ó ka ìyókù. Ewé kan, ẹyọ mẹ́fà. Mẹ́rìndínlógún. Akẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń ṣe é lójú pátákó kọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ọmọ náà tún un kà. Mẹ́rìndínlógún. Ó wo pátákó, ó wo ilẹ̀, ó wá wò mí. Ẹ̀yìn mi ni mo ti gbọ́ ẹ̀rín, kò pariwo, àmọ́ ẹ̀rín ni. Ọ̀gbẹ́ni onígíláàsì sọ ọ́ wẹ́rẹ́ pé ọ̀pá òun ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Claudine fi ojú béèrè lọ́wọ́ mi bóyá kí òun pa fídíò náà. Mo mi orí pé rárá.

Mo ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní Ìkòsí, àwọn ọmọ ló ń dì í, wọ́n ń ṣọ́ ara wọn. Ní Kìgálì, èmi ni mo dì í, ẹnu mi wà lórí ọ̀rọ̀ Mile 12, ọwọ́ mi sì ń ṣe ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ láti kékeré. Mo ti fi èènì sí i.

Mi ò sọ fún ọmọ náà. Mo kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, mo dúró. Ó kó mẹ́jọ tó yọ, ó kó o mọ́ ìyókù, ó tú ewé kejì, ó ka gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìka rẹ̀ ń tì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó parí, ó gbé ojú sókè, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì kékeré tó ní sọ ọ́ ketekete.

"Ẹ sọ pé mẹ́tàlélógún. Ohun tí ẹ fún wa, mẹ́rìnlélógún ni."

Àwọn tó kù ò dúró kí n sọ nǹkan kan. Wọ́n já lu apẹ̀rẹ̀. Wọ́n tú gbogbo ewé, méjì-méjì, mẹ́ta-mẹ́ta sí ìdí ewé kan, wọ́n ń kà á sókè ní èdè wọn, ẹni tó bá rí mọ́kànlá á gbé ìdérí kan sókè kí gbogbo ayé rí i. Méje ló ní èènì. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n tún ewé wọn ṣẹ́ po, gbágungbàgun, ṣùgbọ́n mẹ́wàá géérégé ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan báyìí, kò sì sí ẹni tó lè parọ́ ẹ̀wá fún àwọn ọmọ yẹn mọ́.

Mo dìde, mo kọjú sí àwọn olùkọ́. Mo sọ ohun tí èènì jẹ́ fún wọn àti ibi tí mo ti kọ́ ọ. Mo ní àṣìṣe mi ni, mo sì dúpẹ́ pé ohun tó ṣeé tú ni mo fi ṣe é. Claudine ní àwọn tó ń ta ẹ̀wà lọ́jà tiwọn náà máa ń bu díẹ̀ lé e. Nígbà tí a ń jáde, mo rí ọ̀gbẹ́ni onígíláàsì tó ń mú ewé kan sápò.

Ìkòsí

Mo délé, pẹpẹ mi ò sí níbẹ̀ mọ́. Wọn ò dúró dè mí. Tẹlifíṣọ̀n ti wà lára ògiri, àwọn ọ̀rá ìdérí tí mo fi sílẹ̀ wà nínú àpò ìrẹsì kan lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbálẹ̀. Mummy wo fídíò náà ní ọ́fíìsì wọn títí dé ibi mẹ́rìndínlógún, wọ́n bi mí bóyá mo fẹ́ kí wọ́n gé ibẹ̀ kúrò. Mo ní tí wọ́n bá gé e, kí wọ́n má fi hàn rárá.

Ní Open Day, wọ́n fi hàn. Àwọn òbí kún ibẹ̀, ti estate àti ti ọjà, àwọn ọmọ mi jókòó níwájú. Nígbà tó dé ibi tí ìṣirò ti yàtọ̀ sí pátákó, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, Mummy sì yára pa á. Wọ́n ní ẹ jẹ́ ká wo tuntun. Ni ọ̀bọ bá fò jáde. Ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì, mẹ́wàá mẹ́wàá, wọ́n fi okùn pupa dè é, ẹyọ mẹ́ta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀bọ ní kí á yọ mẹ́jọ.

Ràmọ́tà dìde. Kò sẹ́ni tó pè é. Ó rìn lọ síwájú, ó fi ìka kan okùn pupa yẹn lójú dígí, ó fà á, ó tún un fà. Ó yíjú sí mi.

"Aunty, ibo ni wọ́n ti ń tú u?"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá kan tó wọ kóòtù, tí mo mọ̀ pé inú estate ló ń gbé, ní kí wọ́n jọ̀ọ́ fèsì fún ọmọ náà, òun náà fẹ́ mọ̀. Mummy ń tẹ rìmóòtù. Ọ̀bọ ti dáhùn fúnra rẹ̀, ó ti ń jó lọ.

Mi ò tọrọ àyè. Mo gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde, mo wọ́ àpò ìrẹsì yẹn wọlé láàárín gbogbo wọn, mo dà á sílẹ̀ wàà níwájú tẹlifíṣọ̀n. Ràmọ́tà jókòó tì í, ó mú ọ̀rá kan, ó tú u, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Bàbá oníkóòtù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń bá a kà.

Tẹlifíṣọ̀n ṣì wà lára ògiri, èmi ò bá a jà. Pẹpẹ mi wà lábẹ́ rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo kàn án padà ní ọjọ́ kejì, mo sì fi ewé kún ọ̀rá. Mummy ò tíì sọ pé àwọn gbà, wọn ò sì tíì ní kí n kó o. Mo ti sọ ọ́ ní ọ́fíìsì wọn, mo tún ń sọ ọ́ níbí: ẹni tó bá fẹ́ kó o dànù, kó kọ́kọ́ jókòó tì í kó kà á. Kó sì kà á dáadáa, nítorí ọmọ Alhaja ló tò ó, èènì wà níbẹ̀.